Àwọn Tó Wá Wo Bọ́ọ̀lù Ayọ̀wálé

Kò sí ìnáwó ọmọ Yorùbá kan ní Cheverly, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti agbègbè rẹ̀ tí Ọlágúnjú kì í yọjú sí. Ìsọmọlórúkọ ni o, ìsìnkú ni o, ọmọ tó gboyè ni o, á bọ́ aṣọ iṣẹ́ ọsibítù rẹ̀ sílẹ̀, á wọ agbádá, ó di ibẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ráhùn, á ní, "Èèyàn laṣọ mi."

Ayọ̀wálé ọmọ rẹ̀ ò rí ti èèyàn rò ní tiẹ̀, bọ́ọ̀lù ló mọ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré, tí àwọn géńdé ń kan ara wọn bí àgbò. Lọ́dún 2007, àwọn kan dá líìgì kékeré kan sílẹ̀ tí wọn yóò máa gbá nígbà ìrúwé, nígbà tí àwọn líìgì ńlá bá ń sinmi. Wọ́n ní òùngbẹ bọ́ọ̀lù yóò ti máa gbẹ àwọn èèyàn. Ayọ̀wálé fi iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń ṣe ní Suitland sílẹ̀, ó lọ bá wọn. Ọlágúnjú ò bá a jà, ṣùgbọ́n ó dùn ún wọra.

Òùngbẹ wo? Nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ta ló fẹ́ jókòó sórí pákó máa wo ẹgbẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Àwọn kan ń gé koríko, àwọn kan ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó àwọn agbábọ́ọ̀lù ló kù tó ń wá. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ọ̀gá ẹgbẹ́ tí Ayọ̀wálé wà ní bí pápá bá tún ṣófo ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á tú ẹgbẹ́ ká.

Ayọ̀wálé sọ fún bàbá rẹ̀ nílé ìdáná, kò lè gbójú sókè. Àánú rẹ̀ ṣe Ọlágúnjú.

"Ṣé èèyàn ni wọ́n ń wá?" ló bi í. "Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ó gbé fóònù. Kò pe ẹnì kankan wá wo bọ́ọ̀lù o. Ohun tó ń wí ni pé, "Ayọ̀wálé ń ṣe nǹkan ní Sátidé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kójú ó tì mí." Alimat, tí Ọlágúnjú dúró tì gbágbágbá nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ. Taofeek, tí Ọlágúnjú lọ bá sọ ọmọ lórúkọ, kó àwọn ará mọ́sálásí rẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ náà, pápá kún. Wọ́n gbé kúlà oúnjẹ dání. Wọ́n pàtẹ́wọ́ nígbà tí Ayọ̀wálé gbé bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ kejì gbé e wọlé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ bọ Ọlágúnjú lọ́wọ́, ó ní ẹgbẹ́ ò tú mọ́, bọ́ọ̀lù ìgbà ìrúwé ti rí olólùfẹ́.

Sátidé kejì, Ọlágúnjú débẹ̀, kò bá ẹnì kankan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó mọ̀ pé àwọn èèyàn òun máa ń pẹ́. Nígbà tí eré pé ìlàjì, ó pe Alimat.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí a ti wá?" ni Alimat wí. "Àbí ẹ tún ń ṣe òmíràn ni?"

Kò sì jẹ̀bi. Ta ló ń sọ ọmọ kan lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì? Ọlágúnjú lọ sí tiwọn, wọ́n wá sí tirẹ̀, ó parí.

Ẹgbẹ́ náà tú kí oṣù tó parí. Bí bàbá àti ọmọ ṣe ń wa ọkọ̀ bọ̀ wálé lọ́jọ́ tó tú, Ọlágúnjú ń bú àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: aláìmoore, abara-móore-jẹ. Ayọ̀wálé jẹ́ kó bú wọn tán. Ó wá sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó, jẹ́jẹ́.

"Dádì, ká ní mi ò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn, ṣé ẹ̀yin náà á wá?"

Ọlágúnjú tẹjú mọ́ títì. Gbogbo Sátidé tó fi jókòó sórí pákó yẹn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka máàkì, kò sì bi ẹnikẹ́ni.

"Rárá," ló wí.