Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Abọ́

Èmi ni mo lọ mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, kí n tó sọ ohunkóhun nípa ọkùnrin tí a ń pè ní Amẹ́ríkà.

Ilé onípákó ni a ń gbé, yàrá mẹ́rìnlá, ní Ajégúnlẹ̀, kò jìnnà sí Boundary. Òmìnira ò tíì pé ọdún mẹ́rin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn nígbà náà, yàrá mi sì kọjú sí tiẹ̀. Ọkùnrin náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó ń ṣe akọ̀wé ẹrù ní wọ́ọ̀fù Apapa, ó sì ti gbé ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́rin.

Ìlú yẹn di ti gbogbo wa. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti gbé àga rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará ilé á sún mọ́ ọn. A mọ aago tó wà lára báńkì wọn, tó máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún falẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe. A mọ onígbàjámọ̀ ìlú náà, tó tún jẹ́ panápaná. Tí agogo iná bá dún, yóò sáré jáde, yóò fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ orí. A mọ̀ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tì ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń gbá bọ́ọ̀lù.

Èyí tí àwọn obìnrin fẹ́ràn jù ni ti òkú. "Tí èèyàn bá kú níbẹ̀," ni ó máa ń wí, "ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í dáná. Gbogbo àdúgbò ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Wọ́n á kọ orúkọ sára pílásítà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí abọ́, kí abọ́ má baà sọnù. Tí wọ́n bá jẹun tán, abọ́ kálukú á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín."

Ọmọbìnrin onílé wa fetí sí èyí ju gbogbo wa lọ. Aránṣọ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúríìdọ̀mù. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó se ẹ̀wà, ó dín dòdò, ó bù ú sínú abọ́ táńgaran, ó sì gbé e kọjá lójú gbogbo wa lọ sí yàrá Amẹ́ríkà. Pílásítà wà ní ìdí abọ́ náà. Ó ti fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Oṣù kejì sí ìgbà náà ni Amẹ́ríkà lọ bá bàbá ọmọbìnrin náà pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ọmọ onílẹ̀ ni bàbá náà, àwọn bàbá rẹ̀ ti wà ládùúgbò yẹn kí a tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó pe èmi náà sí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Mi ò lè fi ọmọ mi fún àlọ́. Ìwọ oníwèé ìròyìn, iṣẹ́ rẹ ni kí o máa wá ìdí ọ̀rọ̀. Wá ẹni tó mọ ìlú náà wá fún mi."

Amẹ́ríkà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó wá a, Bàbá. Mi ò purọ́."

Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Ní ọ́fíìsì wa, mo ń ka ìròyìn tó ń ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wọlé, pé wọ́n na àwọn aláwọ̀ dúdú torí pé wọ́n jókòó jẹun níbi tí òyìnbó ti ń jẹun. Nínú ìtàn tí a ń gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó na ẹnikẹ́ni rí. Mo fẹ́ mọ ibi tí irọ́ náà wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rìn kiri àwọn ilé ọtí Liverpool Road, nítòsí wọ́ọ̀fù, kí n tó rí ọkùnrin náà. Atukọ̀ ni, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ọkọ̀ rẹ̀ kó àlìkámà wá. Nígbà tí mo dárúkọ ìlú náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi dáná fún òyìnbó níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá," ló wí. Mi ò béèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Gbogbo ilé ti jókòó, àwọn ará ilé kejì náà ti wá. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ, èmi ni mo ń túmọ̀.

"Béèrè aago báńkì," ni bàbá onílé wí.

"Ó ṣì ń falẹ̀," ni atukọ̀ dáhùn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Amẹ́ríkà bojú wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ọmọbìnrin náà dúró sí.

"Onígbàjámọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Kò gé irun mi rí. Kì í gé irun wa."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Atukọ̀ náà wá yíjú sí Amẹ́ríkà, ó rọra bá a sọ̀rọ̀: "Arákùnrin, níbo lo sùn? Tí oòrùn bá ti wọ̀, wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú kankan ṣẹ́kù sí ìlú yẹn. Ọkọ̀ aago mẹ́fà ni ìyá mi ń wọ̀ jáde."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Amẹ́ríkà ò dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ló sọ, ó kọjú sí bàbá onílé.

"Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sùn, Bàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná. Wọ́n gbà kí n sùn síbẹ̀ torí kí n lè máa bu èédú sí i."

"Iṣẹ́ wo lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń fọ abọ́."

"Abọ́ wo?"

"Abọ́ òkú. Àwọn tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìnkú. Tí mo bá dojú wọn dé, mo máa ń ka orúkọ. Bí mo ṣe mọ gbogbo wọn nìyẹn."

Télọ̀ tó ń gbé yàrá àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Na plate America! Four years, na plate!" Ilé dàrú. Obìnrin kan ní, "Á à, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣòkú, abọ́ yín á mọ́ o!"

Atukọ̀ náà bi mí ní ohun tó sọ. Mo sọ fún un. Ó dì mí lápá mú. "Sọ fún wọn pé òótọ́ ni. Bó ṣe ròyìn ìlú yẹn fún yín gẹ́lẹ́ ló rí."

Mo sọ ọ́. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Bàbá onílé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ò ní fẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀," ló wí.

"Bàbá, mi ò purọ́ fún yín."

"Ìyẹn gan-an ló burú. Ká ní irọ́ lo pa ni, à bá ní ọlọ́gbọ́n ni ẹ́."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ mẹ́rin fún ọ̀gá mi. Ó kà á, ó jù ú padà sí mi. "Ta ló fẹ́ ka ìtàn ẹni tó fọ abọ́?"

Láti ọjọ́ náà, tí Amẹ́ríkà bá ti wọ́ọ̀fù dé, àwọn ọmọdé á máa fi ṣíbí lu abọ́ tẹ̀ lé e. Kò gbé àga jáde mọ́. Ìtàn tó ń sọ fún wa lọ́wọ́ nípa ìyàwó onígbàjámọ̀, tó kó ẹrù rẹ̀ jáde tó ní òun ò ṣe mọ́, wà ní ààbọ̀. A ò mọ̀ bóyá ó padà.

Lẹ́yìn náà, ìyàwó onílé pè mí. "Lọ gba abọ́ wa wá lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo lọ. Ó ti fi ìwé ìròyìn wé e sílẹ̀ de ẹni tó máa wá gbà á. Ó nà án sí mi, ó sì fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ìyàwó onílé tú u, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé. Pílásítà ṣì wà níbẹ̀, orúkọ ò parẹ́. Ó na abọ́ náà sí ọmọ rẹ̀. "Yọ ọ́ kúrò."

Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpótí, ó ń fi èékánná họ ọ́. Ó ń já díẹ̀ díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀bẹ.

"Ṣé kò ṣí ni?" Ìyá rẹ̀ gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Kí ló dé tí o ò pe ọkọ rẹ? Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni?"

Ẹ̀rín sọ láti yàrá dé yàrá. Nígbà tó rọlẹ̀, ohùn kan ti yàrá tó kọjú sí tèmi jáde, ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́, Mà. Omi gbígbóná ni. Ẹ jẹ́ kó wà nínú rẹ̀ díẹ̀."

Ọmọbìnrin náà gbé omi kaná. Ó da omi náà sínú bàsíà, ó ki abọ́ bọ̀ ọ́, ó dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, pílásítà náà ṣí fúnra rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọmọbìnrin náà lára rẹ̀, ó sì léfòó sókè.