Òkúta Mẹ́rin Lẹ́nu Saidat

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Saidat. Múṣín ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀, Yẹ̀kínnì, ti ń ṣe bíríkìlà. Àwọn mẹ́ta ló ń gbé ilé náà: òun, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Kò ga, kò kúrú. Ó mọ ìṣirò, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan, kì í fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Kò sí ohun mìíràn tí èèyàn lè tọ́ka sí lára rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìṣísẹ̀ kíkà. Nígbà tó wà ní kékeré, bí Yẹ̀kínnì bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ kan ṣe gùn tó, tí kò sì rí tépù, á bọ́ bàtà, á máa rìn, á máa kà. Saidat á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Má bá mi sọ̀rọ̀ o," ni bàbá máa ń wí. "Tí mo bá gbàgbé, a ó tún bẹ̀rẹ̀ ni."

Ìyá rẹ̀ pàápàá kì í kí ọkọ rẹ̀ tó bá ń ka ìṣísẹ̀. Nínú ilé yẹn, wọn ò ka ìyẹn sí àìlẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó gbé Saidat dé ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìpọ̀nrí nìyẹn. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń kọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀. Obìnrin méjì péré ló wà ní kíláàsì wọn.

Ọdún 1986 ni. Tépù tí ilé-ìwé ní ti já, wọn ò sì ra òmíràn. Tíṣà ní kí kálukú fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà tó ti ẹnu géètì lọ dé ògiri ẹ̀yìn, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Méjì méjì ló yẹ kí wọ́n máa ṣe é. Ẹnì kan á máa rìn, ẹnì kejì á máa ṣọ́ iye ọgọ́rùn-ún tó ti kọjá. Ibà dá ẹnì kejì Saidat dùbúlẹ̀. Ó dá lọ, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí èrò kò sí lọ́nà.

Okùn bàtà rẹ̀ já. Bàtà tó já a máa ba ìṣísẹ̀ jẹ́, ó bá bọ́ ọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú ọ̀pá gígùn tí wọ́n kùn ní funfun àti pupa, ọwọ́ òsì mú ìwé àti bírò. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lápò. Ó wá dá ọgbọ́n kan: tó bá ti ka ọgọ́rùn-ún, á bẹ̀rẹ̀, á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan, á nù ún lára síkẹ́ẹ̀tì, á fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá dé òpin, á tu wọ́n jáde, á kà wọ́n. Ọgbọ́n tó dáa ni. Àmọ́ ẹni tó bá rí i láti òkèèrè lè rò ó sí nǹkan mìíràn.

Ẹni tó rí i láti òkèèrè ni Ìbíkúnlé, olórí sẹ́kúríti ilé-ìwé náà. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọjá láìkí i, á pè é padà, á ní kó tún ọ̀nà náà rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó rí ọmọbìnrin kan tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn nínú oòrùn, tó ń dá sọ̀rọ̀, tó bẹ̀rẹ̀, tó sọ òkúta sẹ́nu. Ó dúró dè é.

"Ọmọge, o ò rí àgbà ni?"

Saidat ti wọ inú ọgọ́rùn-ún karùn-ún. Mọ́kànlélógójì, méjìlélógójì. Ó gbé ọ̀pá sókè díẹ̀, pé kí bàbá náà ní sùúrù.

"Èmi lo ń na ọ̀pá sí? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Mẹ́tàlélógójì. Ìbíkúnlé gbá a lápá mú.

Iye tó ń kà bá dàrú. Irinwó ìṣísẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣòfò. Inú bí i. Ó tu òkúta mẹ́rin sílẹ̀ níwájú bàtà Ìbíkúnlé, ó sì figbe ta: "Ẹ ti bà á jẹ́! Géètì ni màá tún padà sí báyìí!"

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ìbíkúnlé pe àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sínú pikọ́ọ̀pù. Ó jà. Bó ṣe ń jà ni wọ́n ń wí láàárín ara wọn pé, "Ẹ ò rí bó ṣe lágbára? Agbára wèrè nìyẹn."

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú ni. Ìbíkúnlé fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ó ń jẹ òkúta, pé kò mọ àgbà mọ́, pé ó fẹ́ fi ọ̀pá lu èèyàn. Wọ́n so ìwé tí Saidat mú lọ́wọ́ mọ́ ọn, pé ẹ wò ó, nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Saidat ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ wá lọ sókè. Nọ́ọ̀sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tó jí, ahọ́n rẹ̀ wúwo bíi búlọ́ọ̀kù.

Họ́sítẹ́lì ilé-ìwé ló ń gbé lásìkò ẹ̀kọ́, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó gbọ́ nílé. Yẹ̀kínnì sáré dé tòun ti sìmẹ́ǹtì lẹ́sẹ̀. Dókítà kan gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó ṣọ́ Saidat fún ọjọ́ márùn-ún sí i, ó ní kó máa lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko.

Ilé-ìwé kò jẹ́ kó wọ kíláàsì. Tíṣà tó rán wọn níṣẹ́ ti gba ìsinmi lọ sí Iléṣà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n mọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ tiwọn. Ilé-ìwé fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Múṣín. Lẹ́tà náà gùn, ọ̀rọ̀ dídùn sì pọ̀ nínú rẹ̀: àánú, ìtọ́jú, ire ọmọ náà. Téèyàn bá gbọn gbogbo ìyẹn dànù, ohun tó kù ni pé kí Saidat gba ìwé wá láti ilé ìwòsàn pé ara òun ti yá. Bí kò bá sí ìwé, kò sí ìdánwò àṣejáde fún un. Ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Yẹ̀kínnì lọ gba ìwé náà. Dókítà kò bá a jiyàn. Yẹ̀kínnì ká ìwé náà sínú fìlà rẹ̀, ó mú un délé. Ìyá Saidat ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ kì í gbà kí ẹlòmíràn bá òun ṣa á.

"Ìwé rèé," ni Yẹ̀kínnì wí. "Mú un lọ lọ́la, kí ọ̀rọ̀ tán."

Saidat kà á. "Ó ní ara mi ti yá."

"Àbí kò yá?"

"Bàámi, kí ló ṣe mí tẹ́lẹ̀?"

Yẹ̀kínnì dé fìlà rẹ̀ padà sórí.

"Tí mo bá gbé èyí fún wọn, mo ti gbà pé orí mi dàrú rí nìyẹn. Wọ́n á fi sínú fáìlì. Níbikíbi tí mo bá wáṣẹ́ dé, wọ́n á bèèrè fáìlì yẹn."

"Saidat, dákun," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àwọn ará àdúgbò ti ń bi mí. Mo ní ibà ni. Jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀. Ta ló fẹ́ fẹ́ ọmọ tí wọ́n ní ó..."

"Ẹ parí ẹ̀, Màámi. Ọmọ tí wọ́n ní ó ya wèrè. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, ẹ ò lè pè é jáde lẹ́nu. Ìdí tí mi ò fi ní gbé e lọ nìyẹn."

"Olóríkunkun," ni Yẹ̀kínnì wí. "Ta ni ọmọ yìí jọ ná?"

"Ẹ tún ń bèèrè," ni ìyá Saidat wí. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Saidat lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Bí Kọ́ládé ti dé, ó bi í pé ìwé dà.

"Kò sí ìwé, sà. Mi ò ṣàìsàn."

"Lọ gbà á wá."

Ó jókòó títí wọ́n fi tilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà. Gertrude, obìnrin tó ń gbá ọ́fíìsì náà, máa ń ní kó gbẹ́sẹ̀ sókè kóun lè gbá abẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ tún kọ́ rèé? Ṣé kò sí bẹ́ǹṣì nílé yín ni?"

"Ó wà, Àǹtí. Fáìlì mi ni kò sí níbẹ̀."

"Ṣáà gbẹ́sẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó di méjì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé fún ìdánwò, òun náà ń kà lórí bẹ́ǹṣì. Bí Kọ́ládé bá kọjá, á kí i. Bí Ìbíkúnlé bá kọjá, á kí òun náà. Ìbíkúnlé kì í dáhùn.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tí ìdánwò kù sí Ọjọ́ Ajé, ó sú Kọ́ládé. Ó pe Saidat wọlé, ó ránṣẹ́ pe Ìbíkúnlé. Ó gbé fáìlì sórí tábìlì, fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn àti ìwé nọ́ńbà Saidat wà nínú rẹ̀.

Ìbíkúnlé dúró ṣánṣán. "Iṣẹ́ mi ni mo ṣe, sà. Ọmọ tó rí àgbà tí kò kí i, tó ń jẹ òkúta, kí ni kí n pè é?"

"Mò ń kà ni, Bàbá," ni Saidat wí. "Tí mo bá dáhùn, màá gbàgbé ibi tí mo kà dé."

"Irọ́ ńlá. Èmi ka ìṣísẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun. Mò ń kà, mò ń kí ọ̀gá, ìbọn wà léjìká mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Kọ́ládé gbójú sókè.

"Láti ẹnu ilẹ̀kùn yìí dé ìdí igi máńgòrò tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, sà," ni Saidat wí. "Kí Bàbá kà á fún wa."

Ìbíkúnlé rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà ni?"

Saidat mú ọ̀pá funfun àti pupa náà ní igun ọ́fíìsì, ó fi lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú ìwé láti inú fáìlì, ó fi lé e lọ́wọ́ òsì. "Tí ẹ bá ti ka ọgọ́rùn-ún, ẹ ṣa òkúta kan."

"Màá fi sápò."

"Síkẹ́ẹ̀tì mi ò lápò, Bàbá. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò lápò."

"Ibo wá ni kí n fi í sí?"

Saidat ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kọ́ládé ń wò wọ́n láti orí àga rẹ̀.

Ìbíkúnlé bọ́ sọ́nà. Ó ń kà sókè, ó ń gbẹ́sẹ̀ bí ìgbà tó wà ní sójà. Nígbà tó kà á pé ọgọ́rùn-ún, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì ṣa òkúta kan. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì. Ó nu òkúta náà lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó ń lọ.

Gertrude ń ti ìdí ẹ̀rọ omi bọ̀ tòun ti garawa. Kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí wọ́n ń ṣe.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá."

Ìbíkúnlé kò dáhùn.

Ẹnu ya Gertrude. Ọkùnrin yìí ti dá a padà nítorí ìkíni rí, tòun ti ẹrù lórí. "Ọ̀gá Ìbíkúnlé! Mo ní ẹ káàsán o!"

Ìbíkúnlé gbé ọ̀pá sókè díẹ̀, pé kó ní sùúrù.

Gertrude fà sẹ́yìn, ó sọ garawa kalẹ̀, omi dànù. "Yéè! Ọ̀gá Kọ́ládé, ẹ wá wo Ọ̀gá sẹ́kúríti o! Ó ń dá sọ̀rọ̀! Òkúta wà lẹ́nu ẹ̀! Ọ̀pá ló nà sí mi yìí o! Ṣé kí n pe àwọn èèyàn kí wọ́n wá bá wa mú un?"

Ìbíkúnlé dúró gbagidi. Ó tu òkúta náà sọ́wọ́. Ó rọra rìn padà wá, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Mo ti gbàgbé ibi tí mo kà dé," ló wí.

"Ẹ̀ẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn ni, Bàbá," ni Saidat wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Kọ́ládé ló rẹ́rìn-ín títí ó fi fi aṣọ nu ojú. "Ó ti tó. Saidat, wá ṣe ìdánwò rẹ lọ́jọ́ Ajé. A ò bèèrè ìwé kankan mọ́." Ó dìde.

Saidat kò kúrò níwájú tábìlì. "Fáìlì ńkọ́, sà?"

"Fáìlì á wà níbẹ̀. Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

"Kí wá lo fẹ́?"

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ṣì mí mú. Kí ẹni tó fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ fọwọ́ sí èyí náà."

Kọ́ládé tún jókòó. Ó mú bírò, ó ń kọ ọ́, ó ń kà á sókè: "Lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò fínnífínní, àti ní ìbámu pẹ̀lú ojúṣe wa sí..."

"Ẹ má kọ ọ́ gùn, sà."

Kọ́ládé wò ó. Ó ya bébà náà, ó mú òmíràn. Ó kọ ọ́ pé: A ṣì í mú. Orí rẹ̀ pé. Ilẹ̀ ló ń wọ̀n.

Ìbíkúnlé di bírò mú, kò tíì kọ nǹkan kan. "Tí mo bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́."

"Tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, Bàbá, wọ́n á ní mo ya wèrè."

Ó fọwọ́ sí i. Kọ́ládé lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó fi í sókè pátápátá nínú fáìlì, ó sì fún Saidat ní ẹ̀dà kan. Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Saidat kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ mi," ni Ìbíkúnlé wí. Ó ní, "Ǹ bá ti jẹ́ kó o kà á tán lọ́jọ́ yẹn."

Saidat kò lọ sílé tààrà. Ó gba ọ̀pá àti ìwé, ó lọ sẹ́nu géètì, ó bọ́ bàtà. Ó rìn títí dé ògiri ẹ̀yìn. Àwọn sẹ́kúríti rí i, wọ́n yà fún un. Ẹnikẹ́ni ò kí i. Òkúta méje, ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógún lé lórí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá wọkọ̀ lọ sí Múṣín.

Yẹ̀kínnì ka ẹ̀dà ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú fìlà rẹ̀. Ìyá Saidat ní kó wá jẹun. Ẹ̀wà ni. Saidat fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, ó tún bù sí i. Òkúta kan wà nínú rẹ̀. Ó tu ú sọ́wọ́, ó jẹ ìyókù tán.