Apá Tí N Kò Ṣí Wò

Ẹ̀rù àkùkọ ń bà mí. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó lè jẹ́wọ́ ẹ̀, nítorí ọkùnrin tó ń rán ṣòkòtò fún ṣọ́jà ò gbọdọ̀ sọ pé ohun tí wọ́n ń fi jẹ ìrẹsì ló ń lé òun kiri àgbàlá.

Anglo Jos ni mò ń gbé lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aṣọ ló ń tà, ṣùgbọ́n adìẹ ni ayọ̀ rẹ̀. Ìyá wa ló fún un ní ìran adìẹ náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú agbọ̀n ló kó wọn sí tó fi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀ffà títí dé Jos. Àwọn aládùúgbò a máa wá tọrọ ẹyin wọn kí adìẹ tiwọn lè sàba lé e.

Lọ́dún kan, àrùn pa àkùkọ àgbà. Ọmọ rẹ̀ márùn-ún tó jẹ́ akọ ló kù, nínú wọn la ó ti mú ẹyọ kan ṣe irú, tí yóò máa gun àwọn àgbébọ̀. Bí a bá ṣì í mú, ìran adìẹ ìyá wa bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ṣí apá wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan," ó ní. "Ìyẹ́ òde àti ìyẹ́ inú gbọ́dọ̀ tò mọ́ra. Èyí tí o bá rí àlàfo láàárín ìyẹ́ ẹ̀, bí ẹnu ẹni tó káyín, má fi ṣe irú, ọmọ ẹ̀ á jọ ọ́. Mú ẹyọ kan tó pé, kó o kó ìyókù fún mai kaji lọ́jọ́ Jímọ̀." Hausa tó máa ń wá ra adìẹ lọ́wọ́ wa ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí."

"Ọkàn tèmi balẹ̀. Tìẹ ńkọ́?"

Mo dúró de òwúrọ̀ ọyẹ́, torí òtútù Jos a máa sọ adìẹ di ẹni jẹ́jẹ́. Mo wọ kóòtù, mo fi àkísà wé ọwọ́ méjèèjì. Mo mú mẹ́rin: méjì káyín, apá méjì tó kù pé bí abẹ̀bẹ̀. Ó ku ìkarùn-ún, pupa kan báyìí, tí ogbe rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ogán ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ju hóró àgbàdo lọ. Lójú tèmi, ọ̀kọ̀ ni. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Mo wá bi ara mi pé, àkùkọ tó lè dẹ́rù ba àgbà báyìí, àbùkù wo ló lè wà lára ẹ̀? Nígbà tó di Jímọ̀, mo fi pupa sílẹ̀ ṣe irú, mo kó mẹ́rin yòókù fún mai kaji.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, kò tíì tú gèlè tó fi ki pupa mọ́lẹ̀, ó ṣí apá ẹ̀. Àlàfo ibẹ̀ gba ìka méjì.

"Ṣé o ṣí èyí wò?"

"Bóyá ó ń pa ìyẹ́ dà ni, Àǹtí."

Ó fa ọwọ́ mi, ó fi ìka mi tẹ ibẹ̀. "Tó bá ń pa ìyẹ́ dà, ìka ẹ á kan tuntun tó ń hù. Kí ló kàn?"

Kò kan nǹkan kan.

"Ọmọ adìẹ lásán, odidi ọkùnrin. Ta ló sá fún ta?" Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbébọ̀ rẹ̀ ló ń wò.

Ọjọ́ náà la lọ sí Angwan Rogo, níbi tí mai kaji ti ń ta adìẹ. Mai kaji ti ta mẹ́ta, ẹyọ kan ló kù nínú àgò.

"Haba, télọ̀," ó ní, "ẹ tà, ẹ tún fẹ́ rà?"

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. "Ìwọ lo máa ṣí i."

Kò sí àkísà, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló sì dúró. Mo mú un. Mo ṣí apá ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣí lẹ́tà tó ń bẹ̀rù. Ìyẹ́ tẹ̀lé ìyẹ́, láti òde títí wọnú. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka gbá a lọ, kò síbi tí ìka ti bọ́. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín.

"Gbé e sí itan délé," ó ní. "Kẹ́ ẹ mọra yín."

Ó ti ṣu sí mi lára kí a tó dé Anglo Jos. Pupa, a jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo tọrọ ẹsẹ̀, níbi tí ogán wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sí mọ́. Àrọ́mọdọ́mọ àkùkọ Angwan Rogo yẹn ló ń kọ lẹ́yìnkùlé mi báyìí. Tí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń ṣí apá àwọn ọ̀dọ́ wọn wò, èyí tó bá ń bà mí lẹ́rù jù ni mo ń kọ́kọ́ mú. Mo ṣì ń fi àkísà wé ọwọ́.