Àǹtí Nọ́ńbà àti Fáìlì Ọkùnrin Oníwáyà

Àbúrò mi obìnrin, tí àwọn ọmọ mi ń pè ní Àǹtí Nọ́ńbà, kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ kò sí àìsàn tó wọ ilé ìwòsàn wọn tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka ohun tí dókítà kọ nípa aláìsàn, kó sì fún àìsàn náà ní kóòdù tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ẹni tó já bọ́ lórí àkàsọ̀ ní kóòdù. Ẹni tí ajá bù jẹ ní kóòdù. Mo bi í nígbà kan bóyá owú náà ní kóòdù. Ó ní ẹni tó ń jowú kì í wá sílé ìwòsàn, ó máa ń rò pé ẹlòmíràn ni ara rẹ̀ ò yá.

Ó ti pẹ́ tí àwọn fáìlì iṣẹ́ abẹ tó le jù ti jẹ́ tirẹ̀ nínú yàrá wọn lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ibùsùn. Àwọn dókítà á wá fúnra wọn, wọ́n á fara ti tábìlì rẹ̀: "Àǹtí, ẹ bá mi wo eléyìí." Ìgbà tó yá ni Ọmọ Tuntun dé, ọmọbìnrin kan tó máa ń ki pẹ́ńsù bọ inú irun, tó sì máa ń kí ènìyàn bí ẹni tí wọ́n ń sanwó ìkíni fún. Kò pẹ́ tí dókítà ọ̀pá ẹ̀yìn fi ń kọjá lára tábìlì àbúrò mi bí ẹni kọjá lára òpó iná, tó ń lọ bá Ọmọ Tuntun.

Àbúrò mi á pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó tún ti lọ bá a. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ egbò?"

"Bóyá egbò náà ti jinná."

"Ẹ má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ o!"

Ọ̀gá wọn wá kéde pé láti oṣù tó ń bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa ṣe gbogbo fáìlì iṣẹ́ abẹ. Àbúrò mi ní kí n bá òun gbàdúrà sí i. Mo gbà á, àmọ́ mi ò dárúkọ ọmọ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Àṣà yàrá wọn ni pé fáìlì kì í jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á, kó sì fọwọ́ sí i. Bí fáìlì kan láti ọwọ́ Ọmọ Tuntun ṣe bọ́ sọ́wọ́ àbúrò mi nìyẹn. Ti ọkùnrin kan ni. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún tipẹ́, wọ́n wá fi ẹ̀rọ kékeré sí i lára: bátìrì lábẹ́ awọ ìdí, wáyà láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, kó máa pa ìrora náà lẹ́nu mọ́. Ìrora dákẹ́, àmọ́ kòkòrò àìsàn wọlé. Bó bá jẹ́ ibi bátìrì ló ṣọyún, kóòdù rẹ̀ yàtọ̀. Bó bá jẹ́ wáyà, ó ní tirẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ pé ibi bátìrì wú. Ọmọ Tuntun fún un ní kóòdù bátìrì, ó tún fún un ní ti wáyà.

Inú àbúrò mi dùn. Ó dá a lójú pé inú èsì àyẹ̀wò lọmọ náà ti rí ọ̀rọ̀ wáyà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ti ibẹ̀ mú kóòdù. Àfi kí dókítà kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò bi ọmọ náà. Ó gbé fáìlì, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, ní etí gbogbo yàrá.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo ẹni tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ abẹ lé lọ́wọ́!"

Ọ̀gá ṣí i dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ọwọ́ ìkọ̀wé dókítà rèé: kòkòrò ti dé ara wáyà, a máa yọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ Tuntun ti lọ bi í láàárọ̀.

"Àǹtí," Ọ̀gá ní, "ṣé ẹ ò tíì débẹ̀ ni?"

Ó padà sí àyè rẹ̀, ojú ń tì í. Ó wá ka fáìlì náà bó ṣe yẹ kó kà á látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rí i: lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kóòdù méjèèjì. D ni Ọmọ Tuntun fi síbẹ̀, lẹ́tà ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ ti parí, tí ara rẹ̀ kàn ń bọ̀ sípò. Bóyá ọmọ náà rò pé D ló yẹ ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ oògùn apakòkòrò ṣì ń kán sínú iṣan rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ là á. Lẹ́tà A, ti ẹni tó ṣì wà lẹ́nu ìtọ́jú, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn tó ń sanwó ìwòsàn máa dá fáìlì náà padà dandan.

Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti pè mí. "Bí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á ní owú ni."

"Ṣé kì í ṣe owú ni?"

"Owú ni. Àmọ́ D kì í ṣe A! Bí mo bá fọwọ́ sí i tí mo dákẹ́, orí ọmọ yẹn ló máa padà dà lé. Mo lè ní mi ò rí i. Iṣẹ́ abẹ di tèmi nìyẹn."

"Ọlọ́run rí i."

"Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ pè yín nìyẹn."

"O sì pè."

Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ó lọ dúró níwájú tábìlì Ọmọ Tuntun. "Ọmọ yìí."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi..."

"Ta ló ń bínú? Wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yìí."

"Ó ti wá tẹ́lẹ̀ ni, mà."

"Ó wá tẹ́lẹ̀, ṣé ó ti wá san ni? Ẹni tó ń jinná ni wọ́n fẹ́ là yẹn?"

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Mo gbé!" Ó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó dìde, ó lọ sọ fún Ọ̀gá pé Àǹtí ló yọ òun.

Àbúrò mi wá ń retí. Èmi náà ń retí, kí n má purọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ọ̀gá pe àwọn méjèèjì. Ó gbé fáìlì iṣẹ́ abẹ fún Ọmọ Tuntun, ó ní Àǹtí ni kó máa ka gbogbo èyí tó bá ṣe.

"Ẹ rí ohun tí kò rí," ó sọ fún àbúrò mi. "Àmọ́ òun béèrè kó tó kọ̀wé. Ẹ̀yin ò bi ẹnì kankan kí ẹ tó pariwo."

Àbúrò mi pè mí nírọ̀lẹ́. "Wọ́n fún un. Mo kí i kú oríire."

"O ṣeun."

"Ẹ má dúpẹ́, ẹnu lásán ni. Inú mi ń gbóná bí ààrò. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbàdúrà kí owú yìí kúrò lára mi."

"Mo ti gbọ́."

"Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù. Kí ni mo máa fi máa ka fáìlì rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"