Ìyá Ìbejì àti Òkú Amùjẹ̀ Inú Fídíò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Igbó-Ọrà, nígbà tí fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. Kẹ́nikẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín, mo ti sọ ọ́: mo fẹ́ràn fíìmù òkú amùjẹ̀, òkú tó ń jáde nínú sàréè láti mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Mi ò sì tọrọ àforíjì!

Èyí tí wọn ò náwó lé lórí gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ó máa rí okùn tó so àdán tí òkú ń dà mọ́ òrùlé. Páálí ni eyín òkú. Ta ni ò mọ̀? Síbẹ̀, àyà yín á já!

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo gbé fídíò sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé tí mo háyà. Àwọn ará àdúgbò kún ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà ní Èrúwà náà wá, ó ń yínmú. Ni Ìyá Ìbejì tó nilé bá wọlé. Wọ́n ní táwọn bá tún gbọ́ igbe òkú amùjẹ̀ nínú ilé àwọn, èmi àti ẹ̀rọ mi la jọ máa kó jáde.

"Pa á! Àbí o fẹ́ kó wọ àwọn ọmọ lára?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó díẹ̀. Orí ìdúró ni wọ́n wà, ọwọ́ wọn ti di wáyà iná mú.

Nínú fíìmù náà, ọkùnrin kan wà tó máa ń tẹjú mọ́ èèyàn títí onítọ̀hún á fi máa ṣe ohun tó bá ní kó ṣe. Ọkùnrin náà kú, wọ́n sin ín. Kò pẹ́, ọ̀gá ọlọ́pàá wọlé. Ojú kan náà, imú kan náà!

"Kẹ́yìndé ẹ̀ ló dé yẹn!" Ìyá Ìbejì ló pariwo. Gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ hó yèè.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní òṣèré kan náà ni, pé wọn ò rówó gba ẹlòmíì.

"Tíṣà, ìbejì mélòó lo bí? Èmi bí wọn lẹ́ẹ̀mejì!"

Bí òkú ṣe jáde nínú sàréè nìyẹn, ó forí lé ilé ọ̀gá ọlọ́pàá. Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́. "Mo wí ńkọ́! Wọ́n sin Táíwò, wọn ò gbẹ́ ère fún un. Ṣé ó máa sùn ni? Ìkejì ẹ̀ ló ń wá!" Wọ́n fi wáyà sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní.

Ẹ sọ fún mi, ṣé àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an mọ ìdí tí òkú wọn fi jí?

Nígbà tó parí, Tíṣà ní kí n dá pàǹtírí náà padà síbi tí mo ti gbé e. Ìyá Ìbejì ò tiẹ̀ wò ó. Èmi ni wọ́n kọjú sí:

"Dá a padà síbẹ̀rẹ̀, mi ò bá ibẹ̀."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn dójú tì yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Fíìmù wo ni wọ́n fi ń ṣe yín ní yẹ̀yẹ́, tẹ́ ẹ kọ̀ tẹ́ ẹ ò fi sílẹ̀? Ẹ sọ ọ́ síta!