Ewé Tí Àdùkẹ́ Fi Ọwọ́ Òsì Fún Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ewé gbígbẹ kan kọ́ mi ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ìròyìn ayọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi!

Àdùkẹ́ ni ọmọ-ọmọ mi. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sì tíì sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́ran o. Ẹ ní kó gbé bàtà wá, kíá ló ti gbé e dé. Ẹ ní kó pe "bàtà", ẹ̀rín ni yóò rín sí yín. Ọkàn ìyá rẹ̀, Mútíyá ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò balẹ̀ mọ́. Ó ku díẹ̀ kí ọmọ wọ nursery. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n níbẹ̀, báwo ni yóò ṣe wí?

Àwọn elétò ìlera wá ní ká máa mú un lọ síbì kan nítòsí Glyndon Estate, níbi tí speech therapist ti ń fi eré kọ́ àwọn ọmọdé ní ọ̀rọ̀ sísọ. Mútíyá ń lọ síbi iṣẹ́. Ta ni yóò mú ọmọ lọ? Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu bọ́ọ̀sì wíwà ni.

Àwọn igi ń wọ́wé lásìkò náà, ewé sì ni gbogbo eré wọn! Wọ́n kó ewé pupa àti ewé tó pọ́n bí ìyeyè sínú bàsíà ńlá, wọ́n gbé elégédé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ṣé nítorí ewé tí àwọn agbálẹ̀ ń gbá dànù la ṣe wọ bọ́ọ̀sì méjì?

Ellie ni orúkọ therapist náà. Ó ní kí n máa sọ Yorùbá sí ọmọ, inú mi dùn. Ó ní kí n pe orúkọ nǹkan, kí n wá panu mọ́, kí n dúró dè é.

Mo ní, "Ewé." Àdùkẹ́ mú ewé kan, ó nà án sí mi. Ọwọ́ òsì ló fi nà án! Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, kí n gbà á bẹ́ẹ̀? Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́, Àdùkẹ́?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Lẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́? Bákan náà ni!

Ellie wá lóṣòó tì mí, ó bi mí ohun tí mò ń sọ fún ọmọ. Mo fi ìgbéraga ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ilé wa. Ó ní ẹ̀kọ́ rere ni. Ó wá bi mí bóyá mo rí i pé ẹnu ọmọ ti ń là kí n tó sọ̀rọ̀.

Háà! Ọ̀rọ̀ mélòó ni mo ti lé padà sọ́nà ọ̀fun?

Nígbà tí Mútíyá gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí. "Daddy! Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fún mi ní kékeré!"

"Ṣé o wá yadi ni? Ìwọ tí ẹnu ẹ kì í sinmi yìí!"

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Àdùkẹ́ lọ sétí adágún. Ó ṣa ewé kan tó fẹ̀ bí àwo, ó nà án sí mi. Ọwọ́ òsì! Ahọ́n ń yún mi, mo gé e jẹ. Mo ń ka ení, èjì nínú. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ kọjá. Mo kà á dé ẹ̀jọ.

"Ewé."

Ohùn bíi ti ọmọ adìyẹ! Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gba ewé náà, bí ẹni gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọba. Mo fóònù ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo ní kí Àdùkẹ́ tún un pè. Kò pè é! Ẹ̀rín ló ń rín.

Àfìgbà tí Mútíyá tibi iṣẹ́ dé. Àdùkẹ́ sáré lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó na ewé sí i. "Ewé!"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ mi sọ: "Àdùkẹ́, ọwọ́ ọ̀t..."

Mo kígbe, "Gba ewé yẹn, jàre!"

Ó gbà á, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ ọ̀tún kò ní sá lọ, a ó kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé ló máa ń sá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà á ná. Kí ni ẹ̀yin náà ti sáré bá ọmọ wí lé lórí, tẹ́ ẹ wá kábàámọ̀? Ẹ sọ tiyín fún wa, kó má jẹ́ pé èmi nìkan ni mo jẹ̀bi!