Etí Rédíò Bọ̀ọ̀dá Bọ̀sún

Tí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó tilẹ̀kùn mọ́rí lọ́sàn-án gangan, tó gbé nǹkan bo etí méjèèjì, tó ń mi orí, tó ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, tí ẹ ò sì gbọ́ ìró kankan, kí lẹ máa rò? Ohun tí àwọn ará ilé wa náà rò nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá Ọlátúnbọ̀sún ló ń gbé yàrá kẹta lápá òsì nílé wa ní Egbeda, lọ́nà Ìdímù, lọ́dún 1991. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé iṣẹ́ aláṣọ kan n'Íkẹjà, torí náà ilé ló máa ń wà lọ́sàn-án. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá kí yín, ohùn rẹ̀ máa kéré débi pé ẹ máa ní kó tún un sọ. Ìyàwó tí kò ní, gìtá ló fi dí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á wọ súùtánà funfun, á fi gìtá há abíyá, láìwọ bàtà, á máa fò lórí ẹrẹ̀ títí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Áńgẹ́lì Ẹlẹ́rẹ̀ ni mo ń pè é. Á ní, "Wùnmí, Ọlọ́run á bá mi mú ẹ."

Onílé wa, Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, ọmọ Ìṣẹ̀rí, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ní kí wọ́n máa sùn lọ́sàn-án. Ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Bọ̀sún gbé gìtá wọlé ni Bàbá ti kìlọ̀ fún un pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ ìró rẹ̀, ọjọ́ náà ló máa kó jáde.

Àṣé olórí akọrin wọn máa ní kó ta gìtá orin ìkórè mẹ́fà sínú kásẹ́ẹ̀tì, káwọn akọrin tó wà ní Ìdímù lè fi kọ́ ọ. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀sún gbé áńpílífáyà rẹ̀, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá sókè, lọ bá atúnrédíòṣe kan. Ìyẹn yọ wáyà sípíkà kúrò, ó jó wáyà mìíràn mọ́ ọn, pẹ̀lú nǹkan bíńtín kan tó máa dín agbára ohùn náà kù. Wáyà yẹn ló ń ti ẹ̀yìn áńpílífáyà wọ inú rédíò alákásẹ́ẹ̀tì tààrà. Inú wáyà ni orin ń gbà kọjá, kì í jáde síta rárá, òun nìkan ló ń gbọ́ ọ nínú ohun tó gbé bo etí. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, okùn gìtá lásán ló máa gbọ́, bí ìgbà tí eku ń họ abọ́ tánganran.

Ìyá Mọ̀dínátù, tí yàrá tiwọn kọjú sí tirẹ̀, yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n wá bá mi nídìí kànga.

"Wùnmí, kí ni ọkùnrin yìí ń gbọ́ ná?"

Ẹnu mi kì í gbélé. Mo ní, "Ìgbà tẹ́ ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan pé Bàbá ń ti kànga pa bíi pé àwọn ni wọ́n ń rọ òjò, ṣé ẹ ò rí i bó ṣe mi orí? Ohùn yín ló ń gbà sílẹ̀ jàre."

Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe. Ìyá Mọ̀dínátù ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé korobá wọn lófìfo, wọ́n lọ.

Kó tó di ọjọ́ kẹta, ìdí kànga ti dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Ṣàfíù tó ń gẹrun níwájú ilé ní òun ti rí rédíò náà, pé ihò kékeré kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n fi ń gba ohùn èèyàn. "Ihò yẹn kì í sùn o," ló wí. Látìgbà náà, ẹni tó bá ń kọjá lójú fèrèsé Bọ̀ọ̀dá Bọ̀sún á gbóhùn sókè pé, "Bàbá onílé wa, èèyàn dáadáa ṣá."

Ìyìn yìí ló ta Bàbá lólobó. Láti ogún ọdún tí wọ́n ti ń gba ayálégbé, ẹnikẹ́ni ò yìn wọ́n rí. Wọ́n pe Ṣàfíù, Ṣàfíù sì sọ gbogbo ẹ̀. Bàbá wá rántí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn gan-an làwọn àti lọ́yà ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí.

"Àwọn àbúrò mi ló rán an," ni Bàbá wí. "Bọ̀sún, kó ẹrù ẹ lọ́jọ́ Sátidé."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo bá a níbi tó ti ń ká súùtánà sínú báàgì. Ó ní, "Wùnmí, ta ni mo ṣẹ̀ nínú ilé yìí?" Èmi tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, mo ní mò ń bọ̀, mi ò sì padà.

Nígbà tó di Sátidé, Bàbá dé tọ̀pátọ̀pá. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀sún dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ilé wọlé. Mo máa ta gìtá sínú kásẹ́ẹ̀tì níṣojú yín, ẹ máa pariwo bó ṣe wù yín. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn èèyàn kan nínú ẹ̀, mo ti lọ."

"Ihò yẹn ńkọ́?" ni Ṣàfíù bi í.

"Tí wáyà bá ti wọ rédíò, ihò ti di adití nìyẹn. Gìtá nìkan ló kù tó máa gbọ́."

"Ẹnu náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́," ni Ìyá Mọ̀dínátù wí.

A há sínú yàrá náà bíi sadín inú agolo. Ó tẹ rédíò, ó gbé nǹkan bo etí, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀. Kò kọ́kọ́ sẹ́ni tó fẹ́ lanu. Bàbá ló fi ọ̀pá gúnlẹ̀: "Bọ̀sún, àgàbàgebè ni ẹ́." Ṣàfíù gbà á lẹ́nu wọn. Ìyá Mọ̀dínátù ní, "Ẹ má bínú o Bàbá, ìdánwò ni," ni wọ́n bá tú ọ̀rọ̀ kànga sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ilé gba ariwo kan.

Mo wá rò ó pé rédíò ò gbọ́, èèyàn ò gbọ́, kí n yáa sọ ohun tó di mí láyà kalẹ̀. Mo figbe bọnu: "Èmi Wùnmí ni mo pa irọ́ yìí o, Bọ̀ọ̀dá Bọ̀sún ò gba ohùn ẹnikẹ́ni."

Ibi tí mo ti dé "Èmi Wùnmí" ni Bàbá na ọ̀pá sókè pé ó tó. Gbogbo ẹnu pa dé. Tèmi nìkan ló kù tó ń rìn níhòòhò láàárín yàrá.

Bọ̀ọ̀dá Bọ̀sún ò mọ̀ ọ́n, ó ta gìtá rẹ̀ dé òpin, ó yọ nǹkan létí. "Ṣé ẹ ti pariwo tán?"

Ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, ó yọ wáyà nǹkan etí náà kúrò lára rédíò kí gbogbo wa lè gbọ́. Gìtá nìkan ló dún, ó ń ṣàn bí omi lórí òkúta, kò sí ikọ́ ẹnì kan nínú ẹ̀. Bàbá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì títí ó fi tán.

"Tú ẹrù ẹ," ni wọ́n wí. Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ lo máa fẹsẹ̀ rìn gbé kásẹ́ẹ̀tì yìí dé Ìdímù. Tó o bá dé, wàá máa pọnmi fún Ìyá Mọ̀dínátù títí dọjọ́ ìkórè."

Bọ̀ọ̀dá Bọ̀sún sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Kí lo ṣe tí Bàbá fi ń fìyà jẹ ẹ́?"

"Mo pariwo jù ni."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń mi ín nínú yàrá, ó sì wọlé. Mo rìn dé Ìdímù, mo rìn padà, mi ò tíì mọ̀ títí dòní bóyá nǹkan tó fi bo etí yẹn di etí náà dáadáa.